Eyín Ajá Tó Gún Mi Lọ́wọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ ilé-kéwú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá mi àti Ìyá Àgbà, mo sì kí gbogbo ará Ìṣẹ́yìn. Àǹtí Sìkírá, àbúrò yín tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ajégúnlẹ̀, ní kí n kí yín. Òjò kò jẹ́ ká gbádùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi wọ yàrá lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá, mo parọ́ fún yín. Òótọ́ ni pé Brọ̀dá Kọ́lá, ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ìsinmi ní Malu Road, ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n eyín ajá ni èmi ń bá wọn ṣe, fún àwa tí a ń kọ́ ìṣègùn ẹranko, kí a lè mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó se orí ajá tó ti kú, a ó ha ẹran rẹ̀ kúrò, a ó fi rọ́bà rírọ̀ gba ìrísí eyín náà, a ó wá da pí-ó-pí funfun, ẹfun tó máa ń le bí òkúta, sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Dókítà Bíńgò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú yín ni mo máa ń rí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọlọ́dẹ kan ní Creek Road fún wa ní ajá tí ó ní tírélà pa. Bí mo ṣe ń ya ẹnu rẹ̀ kí a tó sè é, eyín rẹ̀ la ìbọ̀wọ́ kọjá, ó gún mi ní àtàǹpàkò. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, mo fi iyẹ̀pẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, bí ẹ ṣe kọ́ wa ní ilé-kéwú nípa itọ́ ajá. Mo rò pé ó parí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Àǹtí bá gbọ́, ẹ ó gbọ́.

Lánàá, ọlọ́dẹ náà yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé eyín ajá òun kò tíì bu oníbàárà jẹ. Ó wá ní ẹranko náà ti ń da itọ́ kí ó tó kú, ó bu awakọ̀ kan jẹ, ajá náà fúnra rẹ̀ ló sáré wọ abẹ́ tírélà. Brọ̀dá Kọ́lá jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tí kò sọ. Ọlọ́dẹ ní ta ló bi òun léèrè, ṣebí orí lẹ ní ẹ fẹ́. Dìgbòlugi! Inú ọpọlọ ajá ni wọn ì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwa sì ti sè é.

Nọ́ọ̀sì tó fún mi ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́ ní ọsibítù láàárọ̀ yìí bi mí bóyá iyẹ̀pẹ̀ ni abẹ́rẹ́. Ó ní fífọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí n wá. Mo bi í bóyá ó ti pẹ́ jù. Ó ní bí n kò bá tíì rí àmì kankan, kò pẹ́ jù. N kò lè sọ fún un pé àtàǹpàkò mi ń ta mí láti òru. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù. Ọdún kìíní ni mo wà. Orúkọ eyín nìkan ni mo mọ̀.

Mo fi lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí awakọ̀ yẹn. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá òun náà ti fọ ojú ọgbẹ́, tó sì rò pé ó parí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó gbé e lọ sí ọsibítù lónìí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bínú sí mi lójúkojú. Ẹ má dúró de ìsinmi ilé-kéwú. Ọlọ́hun yóò dá yín sí, yóò sì fi ọkàn Ìyá mi balẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù