Ọta Ìbọn Oníyẹ̀fun Àgbàdo

Ilé wa lẹ́bàá Paducah,
Texas.
Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 1978.

Royce, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Lorene ìyàwó rẹ. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí òtútù tó ń bọ̀ má sì mọ ojú ọ̀nà ilé yín. Àwa náà ń bẹ láàyè. Àwọn màlúù wà, kànga kò tíì gbẹ, bàbá rẹ sì ń jẹun dáadáa. Ara wọn le. Ojú wọn ni kò le.

O kọ̀wé pé ẹ ń bọ̀ nígbà Kérésì, pé ìwọ àti bàbá rẹ yóò jọ rìn lẹ́yìn àwọn ajá tuntun, kí ẹ pa àparò bíi ti àtijọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, ka èyí dé ìparí, má sì tẹ̀ wá láago lórí rẹ̀. O mọ̀ pé bàbá rẹ ló máa ń sáré gbé fóònù.

Funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì bí awọ orí wàrà. Dókítà ojú ní ọ̀bẹ nìkan ló lè mú un kúrò. Iye tó pè tó owó ọmọ màlúù méjì, mo sì ti yan àwọn tí a óò tà. Bàbá rẹ ni kò gbà. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò ríran? Àbí mi ò rí ẹ báyìí, tí o fajú ro bí ẹni tó mu ọtí kíkan?" Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn, abọ́ ni mò ń fọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí pápá ẹ̀yìn kànga. Dot, abo kékeré inú àwọn ajá tuntun náà, gbóòórùn àparò, ó sì dúró gbọn-in: ẹsẹ̀ iwájú kan lókè, ìrù le bí igi, imú kọjú sí koríko. Banjo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò mira. Inú mi dùn, torí pé ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Dot níṣẹ́ ọdẹ. Bàbá rẹ rìn wọ inú koríko, àwọn àparò bú jáde. Ọ̀kan fò nílẹ̀ nílẹ̀, Dot sì fò tẹ̀ lé e, ọmọdé kúkú ni. O mọ òfin tí bàbá rẹ fi kọ́ ọ: bí o kò bá rí ojú ọ̀run lábẹ́ ẹyẹ, má yìnbọn. Royce, ẹni tí ojú rẹ̀ ti funfun, ibi gbogbo ni ojú ọ̀run. Mo pariwo, ó ti pẹ́, ìbọn ti dún.

Ọta gba etí Dot kọjá. Ká ní ó fi ìka méjì wọnú sí i ni, à bá ti sin ín. Bàbá rẹ kò rí ẹ̀jẹ̀. "Ṣé ó bọ́? Ṣé ó bọ́?" ni wọ́n ń bi mí, ẹyẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo fi ìborùn mi di etí ajá náà, mo ní wáyà ọgbà ló ya á. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń rò. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo wà lápá ọ̀tún wọn lọ́jọ́ náà ńkọ́?

O mọ̀ pé èmi ni mò ń di ẹ̀tù àti ọta sínú kàtíríìjì ìbọn nínú ilé yìí, torí ti ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n jù. Mo rò ó, mo tún un rò. Mo wá da ẹ̀tù sí i bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ni mo fi dípò ọta òjé, mo sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ń dún bí ìbọn, àmọ́ kò lè pa àparò.

Láti ìgbà náà, ẹyẹ kan kò bọ́ lulẹ̀. Clovis aládùúgbò wa ń fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́: "Hollis, èló làwọn àparò yìí ń fún ẹ? Sọ ọ́, ká jọ pín in!" Bàbá rẹ á rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ajá ló wá ń dùn mí jù. Wọ́n á rí ẹyẹ, wọ́n á dúró, ìbọn á dún, wọ́n á wá inú koríko títí, òfìfo. Dot á padà wá wo bàbá rẹ lójú. Ajá kékeré tí kò gbé ẹyẹ sẹ́nu rí, iṣẹ́ náà á sú u. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró díẹ̀ níwájú àparò, ó yí padà, ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

Lánàá, a jókòó ti kọfí, bàbá rẹ gbé kàtíríìjì kan sórí tábìlì. "Verna, kí ló dé tí ìbọn mi ń rùn bí búrẹ́dì àgbàdo tó jóná?" Wọ́n ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ làwọn ti mọ̀, pé òjé wúwo, ọwọ́ ọdẹ kì í gbàgbé rẹ̀. Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń yìn ín?" Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo mọ̀. O ò kí ń fi oúnjẹ ṣòfò. Bí o bá lè da ìyẹ̀fun sínú ìbọn, ohun tí o rí á burú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Dot ni, àbí?" Mo ní, "Dot ni." Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì níbi tí Dot dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ń wá etí ajá náà.

Wọ́n ti gbà láti lọ bá dókítà lẹ́yìn ọdún tuntun, ojú ọ̀tún nìkan ná. "Màá fi òsì ṣọ́ dókítà," ni wọ́n wí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, torí ẹnu tó gbà lónìí lè kọ̀ lọ́la. Ìdí nìyí tí mo fi tètè ń kọ̀wé. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ìwọ ni yóò gbé ìbọn, àwọn á mú fèrè ajá. "Àwọn ajá yẹn ti ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, ẹnì kan ò sanwó fún wọn." Nítorí náà, mú ìbọn tìrẹ wá, pẹ̀lú ọta gidi. Má bi wọ́n léèrè ohunkóhun nípa ojú, má sì jẹ́ kí Clovis gbọ́.

Kí Ọlọ́run rìn níwájú ọkọ̀ yín. Kí yìnyín má dí yín lọ́nà. Kí ọwọ́ rẹ dúró, kí ojú rẹ mọ́ títí di ọjọ́ ogbó rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lè sùn títí o ó fi dé,
Verna

Mo tún rántí: Bí àparò àkọ́kọ́ bá bọ́, má sáré lọ gbé e. Dúró síbi tí o wà, má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí Dot fi ẹnu gbé e wá sọ́wọ́ bàbá rẹ.