Àlejò Ìjọba àti Ilé Tí Kò Lórùlé

Ìsọ̀ káfíńtà,
Ìwàrò-Ọ̀kà.
Ọjọ́ Ajé.

Habeebat ọmọ mi, Àníkẹ́,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ wà nínú yàrá yẹn ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ Èkó mì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tí o bá ń gbé orí lé, ibẹ̀ ò ní jò, àmín. Àdúrà yìí, inú mi lọ́hùn-ún ló ti wá, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìyá rẹ Mọ́nsúrátù ní kí n kí ọ. Ikọ́ ń ṣe é díẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó ni mo fi ń kọ ìwé yìí, torí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ìsọ̀ Stephen la ti ń gba iná sí fóònù wa, ibẹ̀ náà la ti ń pè, etí ibẹ̀ sì pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ.

Ojú ń tì mí, Habeebat. Ìjì tó jà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ṣí òrùlé ilé wa, kò ṣẹ́ku páànù kan. Èmi Tìjání tí mo kan òrùlé fún ìdajì Ọ̀kà, ìjì rékọjá lórí gbogbo ilé tí mo kàn fún èèyàn, ó wá bá tèmi. Ìṣó tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo fi kan tèmi nígbà náà, èyí tó bá ti wọ́, màá fi òòlù nà án kó lè gún. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Tí wọ́n bá bi mí níta, mo máa ń ní a ń pààrọ̀ páànù ni. Ìmáàmù wa tó mọ òótọ́ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọba. Inú ìsọ̀ mi yìí ni èmi àti ìyá rẹ ń sùn, eruku pákó ló sì ń fa ikọ́ yẹn.

Ìjọba wá ṣí ilé kan sí Ìkàrẹ́ fún àwọn tí ìjì sọ di aláìnílé. Yàrá méjìlá péré ni, gbogbo Àkókó ló sì ń du ú, títí dé ìlú Sosan. Wọ́n ní èèyàn lè lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ibùsùn wà, omi wà, nọ́ọ̀sì sì ń wá. Látìgbà tí ìyá rẹ ti gbọ́ nọ́ọ̀sì ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Mo gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ọ̀gá máa wá fojú ara wọn rí ilé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Àlejò ń bọ̀ nílé, ìwọ náà mọ bí ìyá rẹ ṣe rí. Láti ìdájí la ti ń gbálẹ̀. A kó gbogbo páànù tó wó pamọ́ sẹ́yìn ilé, mo yá tapólì lọ́wọ́ Ọ̀ṣẹ́nì ará àdúgbò wa, mo fi bo orí pálọ̀, mo sì kàn án gún régé, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. A yá àga mẹ́rin àti kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ pa adìẹ. Mo wọ agbádá ọdún iléyá.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Gift àti ọkùnrin kan ló wá, wọ́n gbé fóònù kan tó fẹ̀ tó wàláà ilé kéú dání. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kà nínú rẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, ni mo bá ká ọwọ́ mi síwájú, mò ń dúró de àdúrà. Gift bi mí pé báwo ni nǹkan. Mo ní a dúpẹ́, álíhámídù lílàhì. Ó ní ṣé a ń rí oúnjẹ jẹ. Mo ní a ti jẹ, a tiẹ̀ tún ṣe tiyín. Ó ní ṣé ara ìyá le. Ìyá rẹ gbé ikọ́ mì, ó ní ara òun le bí òkúta Ọ̀kà. Ta ló máa ń rí àlejò lẹ́ẹ̀kíní tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyà ara rẹ̀ sí i létí? Ó wá bi mí bóyá a ní ẹbí tó lè gbà wá sílé. Habeebat, foríjì mí. Mo ní ọmọ mi obìnrin wà ní Èkó, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá tiwa sì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ wò mí. Mo ní ó tún ń kọ́ òmíràn lọ́wọ́.

Wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ adìẹ, wọ́n ya fọ́tò wa, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí wọ́n lọ, èmi àti ìyá rẹ ń yin ara wa pé a ṣe wọ́n lálejò dáadáa.

Orúkọ jáde, tiwa ò sí níbẹ̀. Ti Rufus tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa wà níbẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná nìkan ni ìjì ṣí fún Rufus, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí, Rachel ìyàwó rẹ̀ ò sì gbálẹ̀ fún ọjọ́ méje. Inú bí mi sí i. Kò bí mi mọ́. Ìyà tó jẹ ẹ́ ló fi hàn wọ́n, èmi tí tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, mo fi tapólì bò ó.

Mo wọkọ̀ lọ bá Gift ní Ìkàrẹ́ kí n lè sọ òótọ́. Mo bá èèyàn níbẹ̀, mo sì ti kan òrùlé fún méjì nínú wọn. Mo dúró títí, nígbà tó kàn mí, mo ní mo kàn ní kí n yà kí wọn ni. Bóyá àánú mi ló ṣe é, bóyá ó fura, mi ò mọ̀. Ó gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi, ó ní yàrá kan ṣoṣo ló kù, pé lọ́jọ́bọ̀ òun máa pe ọmọ wa onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kóun tó fi fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́la ni mo fi ìwé yìí rán. Tí wọ́n bá pè ọ́, jọ̀ọ́ gbé e. Wọ́n ní fóònù ayé ìsinsìnyí máa ń rí inú ilé ẹni. Má gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Má tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ ń gbé jókòó papọ̀ kí wọ́n lè hàn. Bó o ṣe fẹ́ràn mi tó, má sọ pé a dúpẹ́.

Bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ ìgbowó Stephen, ká fi ra oògùn ikọ́ fún ìyá rẹ. Owó tuntun ni kó o fi sí i o, èyí tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ti ya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o di ẹni tó ń wọ agbádá nínú ilé tó ń jò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fi ẹnu kọ́ fún ọ, Ọlọ́run á fi ọwọ́ rẹ kọ́ ọ. Èmi ni màá kan òrùlé rẹ̀, ìṣó tuntun ni màá sì lò.

Tí Gift bá bi ọ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ò nílé. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kò jáde lẹ́nu mi. Bá mi sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Tìjání káfíńtà.