Ẹni Tó Dúró Létí Àbàtà

Diane ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú ariwo Kútọnu. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa tó ń ṣọ́ òkè Dásà kò ní mú ojú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà, à ń mí. Iṣu ọdún yìí kò tóbi, èyí tí mo gbé lọ sí ọjà Glazoué, bí ẹni ń wo ọmọ aláìsàn ni wọ́n ń wò ó, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló mú mi kọ̀wé. O mọ̀ pé kò sí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó lè balẹ̀ sí àbàtà ìrẹsì wa tí wọn kì í dá mọ̀ láti orí òkè. Àwọn ló kọ́ ìwọ àti Narcisse ẹ̀gbọ́n rẹ pé èyí tó ká ọrùn fò yàtọ̀ sí èyí tó na ọrùn. Nísinsìnyí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní, wọ́n ní ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n pariwo pè mí pé Narcisse ti dé. Wọ́n ní ó dúró létí omi, ó ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó wọ̀ lọ sí Gabon, ó tẹrí ba, ojú ló ń tì í tí kò fi gòkè wá sílé. O sì mọ̀ pé látìgbà tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, a kò gbúròó rẹ̀. Kí n tó nawọ́ mú wọn, wọ́n ti fi ọ̀pá wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìjà ti tán, pé bàbá kì í bá ọmọ bínú títí, pé kó máa bọ̀ wá jẹun. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dì mọ́ ọn ló na apá méjèèjì, ó fò lọ. Bàbá rẹ ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Èmi àti Elvire aránṣọ, aládùúgbò wa, la fà wọ́n jáde. Ẹyẹ náà tún balẹ̀ lódìkejì, Elvire sì fi foonu rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Foonu wò ó, ó ní Héron Cendré lorúkọ rẹ̀ lédè Faransé. Mo bi í pé ta ló ṣe ìrìbọmi fún un. Elvire ní ìbátan lékeléke ni, pé lékeléke náà ń jẹ́ Héron, ṣùgbọ́n wọ́n fi olùṣọ́ màlúù kún tirẹ̀. Irọ́ nìyẹn, nítorí kòkòrò ló ń jẹ lẹ́sẹ̀ màlúù, èmi kò rí i kó da ẹran ẹnikẹ́ni rí. Elvire ní kí a wo àwọ̀ eérú, ìyẹ́ dúdú tó gùn lẹ́yìn orí, àti bó ṣe ká ọrùn nígbà tó ń fò. Bàbá rẹ kò gbà. Wọ́n ní ẹyẹ wo ló máa dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ dé ìdí? Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹun tán mọ́, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un.

Mo fi fọ́tò Narcisse sínú àpòòwé yìí. Foonu tó mọ orúkọ ẹyẹ tí kò rí rí, kò lè ṣàìmọ ọmọ ènìyàn. Bá mi fi hàn án, kó sọ ibi tó wà. Bó bá sọ ohun tí kò ṣeé gbọ́, má kọ ọ́ ránṣẹ́, wá fúnra rẹ. Jọ̀wọ́, wá nǹkan díẹ̀ fún dókítà ojú, kí o sì ra bàtà rọ́bà fún wọn, nítorí wọn kò gbà kí n dá wọn dúró nílé.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, o kò ní ṣìnà, àwa tó bí ọ kò ní wá ọ tì. Bí o bá ń bọ̀, wọ aṣọ pupa, kí o sì dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ bá pè ọ́.

Lucienne, ìyá rẹ.