Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Olórin Yẹn Jẹun Ná

Ìnísà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ràfíátù ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé ọjà ń tà? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀ láàárín Dansoman tí o ń gbé àti ọjà Kaneshie tí o ti ń ta àpò fóònù. Gbogbo wa wà dáadáa, orúnkún bàbá rẹ náà ti ń san díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé orí fóònù mi yìí ni àwọn ọmọ olórin tí o fi ránṣẹ́ wà, tí mo bá sì pè ọ́, ọ̀rọ̀ wa á kọlu orin wọn.

Mo ti gbọ́ wọn, ọmọ mi. Mo ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ orin wọn, mo sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè Gã, èdè àwọn ará ọ̀hún, tí wọ́n fi ń kọrin, àmọ́ Abena, onílù wọn yẹn, mọ ìlù lù débi pé omi bọ́ lójú mi. O ní Jamestown ni o ti rí wọn, níbi tí wọ́n ti ń dánra wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń yan ẹja, àti pé kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde tó gbà wọ́n. Bóyá àwọn ilé-iṣẹ́ náà kì í gba ibẹ̀ kọjá ni.

O tún ní onígbọ̀ngàn kan á gbà wọ́n kí wọ́n wá máa kọrin níbẹ̀ tí àwọn tó ń gbọ́ wọn bá pọ̀ kó tó di Iléyá, àti pé tí kò bá gbà wọ́n, ìyá Abena á ta ìlù náà, kí ọmọ rẹ̀ wá máa bá òun yan ẹja. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. O wá ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn ará Ìnísà ò gbọ́ orin náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo fi han ẹgbẹ́ àsálátù wa, gbogbo wọn ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Ìyá Àkíbù ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni tó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà olówó. Mo ní kí wọ́n ṣàánú, ọmọ ènìyàn ló ń lu ìlù yẹn, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ sinmi? Mutala, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sọ pé wọ́n ti kọ ọ́ tán tipẹ́, inú fóònù ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Mo ní kó jókòó kó gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ibì kan náà ni ọmọ kan máa ń wúkọ́. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, ṣé ikọ́ náà ò yẹ kó ti san? Èéfín ẹja ló ń bá wọn jà.

Mo fi ìgò oyin kan rán Adéníkẹ́ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, kí ẹni tó ń wúkọ́ máa lá a láàárọ̀. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, fi owó fóònù kejì ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa pè ọ́ láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́.

Má sì jẹ́ kí ìyá Abena ta ìlù o. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo ẹgbẹ́ àsálátù, tìlú wa tìlú Ìkìrun, á pé sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, kálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ṣáà ra wáakyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà ọ̀dọ̀ yín yẹn, fún àwọn ọmọ náà, kí o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti jẹun yó. Gbogbo wa á tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré fún gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ wọn, kó sì máa fún wọn láyè sinmi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.