Ẹrù Tí Mo Tì Pa Sábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀yìn

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ń ka page yìí... Mo fẹ́ fi ọkọ mi sílẹ̀, kò sì mọ̀. Campama la wà ní Banjul níbí, tíṣà ni, èmi ń ránṣọ. Kì í lù mí o, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òjò ni omi ń wọ yàrá bá wa, gbogbo ọdún ló sì ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ la máa padà sí Nàìjíríà. Ó ti sú mi. Nígbà tó wá ní ká lọ ṣe Kérésì nílé, mo pinnu pé èmi àtàwọn ọmọ ò ní bá a padà wá.

Ó ra ilé kékeré onítáyà méjì kan lọ́wọ́ tọkọtaya òyìnbó, caravan ni wọ́n ń pè é, pé inú ẹ̀ la ó máa sùn lójú ọ̀nà, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wa kékeré yìí. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń nájà níta, ìyàwó òyìnbó yẹn mú mi wọlé, ó ní àárín, lókè ibi tí táyà wà, ni kí n máa kó ohun tó bá wúwo sí, pé tí ìdí ẹ̀ bá wúwo jù, á máa fì, á sì gbé mọ́tò ṣubú. Èmi nìkan ló sọ fún. Ṣùgbọ́n àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́... ibẹ̀ ni mo kó gbogbo orí maṣíìnì ìránṣọ mi sí, àtàwọn ìkòkò irin mi, nígbà tí ọkọ mi wà ní school. Ta ló ń gbé maṣíìnì lọ ṣe Kérésì?

Ní Sátidé a gbé e jáde ká fi dán ọ̀nà wò. Bá a ṣe ń sáré díẹ̀ lọ sí Westfield, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì, ó ń wọ́ ìdí mọ́tò kiri títì. Ọmọbìnrin wa ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ mi dúró, ó ń làágùn, ó fi ọwọ́ kan gbé ibi tí wọ́n ti so ó, ó ní ó fúyẹ́, kì í ṣe ẹrù, táyà ni. Èmi mọ̀ pé ìdí tó wúwo ló jẹ́ kí iwájú ẹ̀ fúyẹ́, mo sì jẹ́ kó lọ ra táyà. Ó pààrọ̀ táyà, kò yí padà. Pásítọ̀ da òróró sí i, wọ́n ní àwọn ọ̀tá nílé ni kò fẹ́ ká dé, ọkọ mi ń gbààwẹ̀ lé e lórí... èmi náà ń bá a gbà á. Irú èèyàn wo ni mo dà?

Àná làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kó ẹrù wá, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn ń lọlé, ẹ bá mi fún ìyá mi, ẹ bá mi fún àbúrò mi. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ti kún dókè. Ọkọ mi wá ní kí àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn nínú caravan, pé wọ́n á gbádùn ẹ̀. Ọmọbìnrin mi ti tẹ́ aṣọ ìbora ẹ̀ síbẹ̀, lórí àpótí yẹn gan-an.

Tí mo bá ṣí i kó ẹrù yẹn kúrò, á rí i, á mọ̀, á fagi lé ìrìn àjò, èmi àtàwọn ọmọ á sì wà nínú omi yìí títí. Tí mi ò bá ṣí i ńkọ́... Àárọ̀ ọ̀la la máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Barra lódìkejì odò, ká tó gba títì lọ sílé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bú mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi níta, ó ń sọ fún pásítọ̀ pé kó máa gbé àpò ẹ̀pà ẹ̀ bọ̀, pé ẹ̀yìn caravan ṣì gba ẹrù.