Oògùn Ooru Tí Ọkọ Mi Gbé Pamọ́

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dáadáa? Má bínú pé lẹ́tà yìí rí wúruwùru. Mo ti dìde lọ ṣí fèrèsé, mo padà wá, mo sì tún ti fẹ́ dìde.

Ooru tí mo sọ fún ọ nípa rẹ̀ ni. Látìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, á kàn ṣàdédé gba àyà mi dé orí, òógùn á bò mí. Dókítà ní torí jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún mi, òun ò lè fún mi ní oògùn họ́mónù. Ó fún mi ní ìwọ̀nba oògùn kan tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, ó ní ó máa ń pẹ̀tù sí irú ooru yìí náà. Òótọ́ sì ni, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí.

Mi ò ṣàlàyé fún ọkọ mi, torí ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ohun tá a jọ máa ń sọ. Nígbà tó rí oògùn náà, ó lọ bi ẹni tó ń ta oògùn ní ìkòríta wa, ìyẹn ló sọ fún un pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Ọ̀rẹ́ mi, bàbá àwọn ọmọ yí padà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi tí kò dùn, ó ń jẹ ọbẹ̀ tó jóná láìráhùn. Mo rò pé ìfẹ́ ló tún gbérí, àfi bí mo ṣe wá oògùn mi tì. Mo tú gbogbo ilé, títí kan inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ni ooru bá padà dé tagbáratagbára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń rán aṣọ ìyàwó níbi iṣẹ́, òógùn kán sí àyà sílíìkì funfun náà, ó sì dá àpá sí i. Ọ̀gá ò pariwo. Ó kàn gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ máa rán bọ́tìnnì. Èmi tó jẹ́ pé ọwọ́ mi làwọn ìyàwó ń béèrè. Inú bí mi dé góńgó.

Mo gbé ìbínú náà délé, mo ní oògùn mi tó sọnù ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi yọ oògùn jáde látinú bàtà rẹ̀, ó ní ẹ̀rù ló ba òun kí n má lọ gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní, "Kí ni mo ṣe tí ayé fi sú ẹ?"

Mo ní, "Ooru ló ń mú mi, ayé ò sú mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Látìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè bí inú mi ṣe rí. Mo wá sọ fún un pé ayé máa ń sú mi nígbà míì lóòótọ́. A jókòó síbẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Mo ti padà sídìí oògùn náà, àmọ́ dókítà ní á gba àkókò, mi ò sì mọ̀ bóyá ọ̀gá máa dá aṣọ ìyàwó padà fún mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ará ilé. Àràárọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ ń béèrè báyìí pé ooru ńkọ́, inú ńkọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń sú mi. Síbẹ̀, tó bá kàn sí ọ, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé kó dákẹ́.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ,
                                        Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́.