Orúnkún Ìyá Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù 1996

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣì ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sójà ò dá wọn lóhùn. Ilé ti sú mi. Màmá ní ojú mi ti ń dà bí ojú ẹni tó ń wá ìjà kiri. Òótọ́ ni.

Ayọ̀dèjì wá sí Sẹ́kọ́nà lánàá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni, Dókítà Kékeré ni mo ń pè é. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé lé wálé ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ẹdẹ — Ẹgbẹ́ Tọ́jú Àgbà. A ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn arúgbó, a ó máa bá wọn na apá, na ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà jókòó sójú kan títí ikú fi máa bá wọn níbẹ̀. Kò sówó ńbẹ̀. Mo ní ó dáa. Ó sàn ju kí n máa wo Màmá bí wọ́n ṣe ń fi iná àbẹ́là ránṣọ lọ, kẹrosíìnì ti di góòlù.

Lónìí wọ́n pín arúgbó fún wa, ẹnì kan fún ẹnì kan. Ayọ̀dèjì pe tèmi. Mo ní kó tún un pè.

Ìyá Sàrátù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Mi ò sọ fún Ayọ̀dèjì. Mi ò sọ fún Màmá náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Júùnù

Kò dá mi mọ̀. Funfun ti bo ojú rẹ̀ kan, èkejì náà ò ríran dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní Deborah lorúkọ mi. Irọ́ kọ́ — orúkọ tí àwọn ará ilé Màmá sọ mí lẹ́yìn tí a kúrò lágboolé bàbá mi nìyẹn. Níbẹ̀, Sìmbíátù ni mo ń jẹ́.

Nínú ìwé yìí, Ìyá Oòrùn lorúkọ rẹ̀. Mi ò sì ní pè é ní "wọ́n" níbí. Lójú rẹ̀ màá kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n ìwé mi kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo ń lọ sí ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá mi kú. Nígbà tí Màmá jáde opó, ẹbí ní kí àbúrò bàbá mi ṣú wọn lópó. Màmá ní àwọn ò fẹ́. Ìyá Oòrùn ni àgbà nínú àwọn ọmọ obìnrin ilé, ẹni tí gbogbo ìyàwó ilé ń pè ní ọkọ mi. Ó ní kí Màmá jáde síta kí wọ́n kúnlẹ̀ nínú oòrùn, lórí òkúta wẹ́wẹ́, títí wọ́n á fi gbà. Gbogbo ilé ń wò. Ìyàwó kì í dá ara rẹ̀ dìde, àfi tí ẹni tó kúnlẹ̀ fún bá ní kó dìde. Màmá ò gbà, òun náà ò sì ní kí wọ́n dìde. Ó jókòó sábẹ́ ìbòji, ó ń jẹ obì.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí màmá mi dìde." Kò dá mi lóhùn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n da ẹrù wa síta. Orúnkún Màmá wú, ó ṣe ọyún. Àpá rẹ̀ ò parẹ́ dòní.

Obìnrin yìí kan náà ló di ọwọ́ mi mú lónìí. Ó ní orúnkún òun ti kú. Kò lè kúnlẹ̀, kò lè forí kanlẹ̀, orí àga ló ti ń kírun láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ ohun tó ń jẹ orúnkún mi."

Mo ní làkúrègbé ni.

Ọjọ́rú, 5 Júùnù

Mo mọ ohun tí màá ṣe. Mi ò ní bú u, mi ò ní fi ebi pa á. Màá tọ́jú orúnkún yẹn títí á fi lè tẹ̀. Lẹ́yìn náà màá mú un lọ síwájú Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júùnù

A bẹ̀rẹ̀. Aṣọ gbígbóná, lẹ́yìn náà òrí, kí n fi àtàǹpàkò wá ibi tí iṣan ti takókó. Kó jókòó sórí àga, kó dìde láì di nǹkan mú, kó tún jókòó. Ó ń kérora. Mo ní kó tún un ṣe. Ó ní mo le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́ Ajé, 10 Júùnù

Dókítà Kékeré wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ga. Má kú o. O ò gbọ́dọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó rí ọ lórí eékún. Mo kó gbogbo iyọ̀ inú ilé rẹ̀ àti magí tó fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, mo kó o fún àwọn ìyàwó ilé, àwọn tó wọlé lẹ́yìn tí a kúrò, tí wọn ò mọ̀ mí. Ó bú mi pé olè ni mí. Mo ní kó bú mi dáadáa, àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ á tẹ́.

Ayọ̀dèjì ní nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa, kò sẹ́ni tó fọkàn síṣẹ́ bíi tèmi. Ó ní ìfẹ́ àgbà wà lára mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Júùnù

Kò sí bẹntiróòlù, kò sí mọ́tò. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Sẹ́kọ́nà dé Ẹdẹ. Bàtà mi já lójú ọ̀nà. Mi ò fẹsẹ̀ rin ìdajì ìyẹn rí nítorí ẹni tí mo fẹ́ràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Júùnù

Ó béèrè ọmọ ta ni mí. Mo ní màmá mi ń ránṣọ ní Sẹ́kọ́nà. Ó ní Sàrátù ọmọ òun wà l'Ékòó, kò wá nígbà Iléyá, kò ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó bí mi bí ọmọ, kí Ọlọ́run bá òun kẹ́ ẹ, kó má jìyà ọmọ aráyé. Mo ní àmín.

Ìyà wo ló tún kù? Àmín yẹn korò lẹ́nu mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 24 Júùnù

Orúnkún òsì kan ìrọ̀rí lónìí. Ọwọ́ kan lórí àga, ọwọ́ kejì lórí èjìká mi. Ọ̀tún ṣì ń ṣagídí.

Ọjọ́bọ̀, 27 Júùnù

Ọ̀tún ṣì ń ṣagídí. Mo bú u — orúnkún ni mo bú o. Ìyá Oòrùn rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun náà ṣe máa ń bú u nìyẹn bí òun bá dá wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Júláì

Ó ṣe é. Òsì, ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì, iwájú orí kan ẹní. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, omijé ti rin ojú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Deborah. Mo ti ń pàtẹ́wọ́, mo ti ń fò sókè, kí n tó rántí ara mi.

Sìmbíátù, fara balẹ̀. Torí kí ló ṣe lè kúnlẹ̀? Rántí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Júláì

Màmá ní arúgbó mi yìí, ta ni. Mo ní ìyá kan ni, l'Ẹ́dẹ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, aṣọ ká sókè díẹ̀, mo rí àpá náà.

Ọjọ́rú, 10 Júláì

Ọ̀nà ṣí fúnra rẹ̀. Mọ́lúdì, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ànábì, ń bọ̀ níparí oṣù. Ìyá Oòrùn fẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, kó forí kanlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ra aṣọ funfun, jàlàbíà ló fẹ́ fi rán. Mo ní màmá mi á rán an, ká lọ síbẹ̀ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi."

Kì í ṣe Ọlọ́run.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Júláì

A wọ mọ́tò Sẹ́kọ́nà. Mo bẹ dírẹ́bà kó jẹ́ kí Ìyá Oòrùn jókòó níwájú, kó lè na ẹsẹ̀. Mo ti to gbogbo ẹ̀ sínú: màá ní, "Màmá, ẹ wo ẹni tí mo mú wá." Màmá á wà lórí àga wọn, wọn ò ní mira. Lẹ́yìn náà màá yíjú sí Ìyá Oòrùn, màá ní, "Ẹ kúnlẹ̀."

Màmá ń tẹ maṣíìnì, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni wọ́n ń rán. Wọ́n gbójú sókè. Kí n tó lanu, orúnkún Màmá ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Màmá mi. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kì í ṣe àwọn ló kúnlẹ̀, orúnkún wọn ni, ó ti mọ́ ọn lára. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú.

Ìyá Oòrùn dúró, ó dẹ etí síbi tí ohùn ti wá. Ó ní, "Ìyàwó?" Màmá ní, "Èmi ni, mà." Ó yíjú sí mi, ó ní èmi wá ńkọ́. Mo ní, "Sìmbíátù." Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n já ìdí ọ̀rọ̀ tó ti ń fura sí fún. Ó ní, "Dìde, ìyàwó. Jọ̀ọ́, dìde." Ó fi ọwọ́ wá èjìká mi, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì lásán. Mi ò tíì sọ pé kó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Mo jẹ̀bi rẹ. Ọjọ́ tí orúnkún mi kọ́kọ́ kọ̀ mí, ìwọ ni mo rántí."

Màmá dìde. Wọ́n gbọn ìró wọn. Wọ́n padà sídìí maṣíìnì, wọ́n ń ránṣọ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo dúró kí n gbádùn ẹ̀. Maṣíìnì ń dún. Màmá rán apá kan tán, wọ́n mú èkejì. Itan Ìyá Sàrátù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn ń kán lójú wọn, wọn ò gbórí sókè, wọn ò bẹ̀bẹ̀. Mo mọ iṣan tó ń gbọ̀n yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló ń fi òrí pa á lójoojúmọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde."

Màmá ò wojú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ló dá ẹ lóhùn?"

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Ìyá Sàrátù, mo gbé wọn dìde. Mo pọ̀n wọ́n dé ibi tí mọ́tò wà. Aṣọ funfun náà ṣẹ́ kù sórí tábìlì Màmá, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Júláì

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi bí ẹni gbé e fún àlejò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Júláì

Orúnkún Ìyá Sàrátù wú. Wọn ò lè forí kanlẹ̀ mọ́, wọ́n ti padà sórí àga. Mo sunkún níwájú wọn, ojú tì mí. Wọ́n ní kí n nu imú mi. Wọ́n ní màmá mi ò ṣẹ̀ wọ́n, gbèsè àwọn ni àwọn lọ san. Mo tún bẹ̀rẹ̀ aṣọ gbígbóná àti òrí látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 Júláì

Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé orúnkún wọn wú?" Mo ní ó wú. Wọ́n ní, "Tèmi ṣe ọyún."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Júláì

Mo jí, mo rí jàlàbíà funfun lórí tábìlì, wọ́n ti rán an, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a. Kò sẹ́ni tó wọn Ìyá Sàrátù lọ́jọ́ náà. Ojú ni Màmá fi wọ̀n wọ́n, láti ìdí maṣíìnì, bí wọ́n ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo tú u wò. Nínú, níbi orúnkún méjèèjì, Màmá ti lẹ aṣọ mọ́ ọn, ó nípọn bí ìrọ̀rí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an yíká kó má baà yẹ̀.

Mo wo Màmá. Wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Gbé e fún wọn kí Mọ́lúdì tó dé. Kó o sì gba owó iṣẹ́ mi wá, kó pé. Mi kì í ránṣọ ọ̀fẹ́ fún ọ̀tá."